Ẹ Bi Mí: Ìlédìí Aṣọ, Òórùn Ìtọ̀ àti Ìdí Ọmọ Tó Pọ́n

Láti ìgbà tí mo ti sọ lójú ìwé yìí pé ìlédìí aṣọ ni mo fi tọ́ ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró. Ọwọ́ àwọn tó ti rà á, tí wọ́n ti lò ó fún oṣù kan sí méjì, tó sì ti ń sú wọn, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Àwọn ni mo fẹ́ dá lóhùn lóṣù yìí. Ó máa ń dùn mí tí ìyá bá pa ìlédìí tó dáa tì, nígbà tó jẹ́ pé bó ṣe ń fọ̀ ọ́ nìkan ló yẹ kó yí padà.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún. Ọṣẹ tó pọ̀ dáadáa ni mo fi ń fọ ìlédìí rẹ̀, mo sì máa ń da ohun olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sínú omi ìkẹyìn. Tí mo bá ká a lórí okùn, ó ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan báyìí, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ ń ta ènìyàn lójú. Ìdí ọmọ mi ti pọ́n. Ọkọ mi ní ká padà sí pámpáàsì. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa? Èmi ọmọ yín, ìyá ọmọ oṣù márùn-ún.*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O ò ṣe ohun tí èmi náà ò ṣe rí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo gbà pé bí ọṣẹ bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ á ṣe mọ́ tó. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta, ìdí rẹ̀ pọ́n dẹ́dẹ́, ó sì ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá tọ̀. Kí ni mo ṣe? Mo tún fi ọṣẹ kún ọṣẹ. Ìyá ọkọ mi ló wá kí wa, tí wọ́n gbọ́ òórùn náà. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n lọ síbi okùn, wọ́n ká ìlédìí kan tó ti gbẹ, èyí tí mo fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Wọ́n bu omi tó mọ́ gaara sínú abọ́ funfun, wọ́n ti ìlédìí náà bọ̀ ọ́, wọ́n rọra ń fún un. Omi yẹn kọ́kọ́ dà bí èyí tí wọ́n fi ṣan ife mílíìkì. Nígbà tí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìhó ọṣẹ sì bo ọwọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́. Aṣọ tí mo rò pé ó mọ́ nìyẹn. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọṣẹ lo ń dì sídìí ọmọ yìí o."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Yúríà, ọ̀kan lára ìdọ̀tí tí ara ń tú dà nù, ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń sọ yúríà yẹn di amóníà, amóníà ló sì ń ta ènìyàn nímú, tó ń jó ọmọ lára. Bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù sínú òwú, ó máa ń di ìdọ̀tí mú, àwọn kòkòrò yẹn á sì ríbi sá pamọ́ sí. Tí aṣọ bá gbẹ, o ò ní gbóòórùn kankan. Kó kàn tutù báyìí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ti ohun tó ń mú aṣọ rọ̀ yẹn, ó ń fi nǹkan bí ọ̀rá bo òwú, ohun tí ọ̀rá bá sì bò kì í mu omi mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má fi sí aṣọ ìdí ọmọ mọ́ láé.

Lálẹ́ òní, ṣe ohun tí ìyá ọkọ mi ṣe. Abọ́ funfun, omi tútù, ìlédìí kan tó ti gbẹ. Bí omi bá hó, kó gbogbo ìlédìí tó wà nílé jọ, fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n láìfi ọṣẹ kankan sí i, da omi nù, kí o tún ṣe é, títí tí omi ò fi ní hó mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo da omi nù kí tèmi tó mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ lò ń lò, yí i sí ìwọ̀n ooru 60 (Celsius). Bó bá jẹ́ ọwọ́, igi ni kí o fi máa rò ó, omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ á bó ọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí omi inú abọ́ ò bá hó rárá, tí òórùn sì ṣì wà, a jẹ́ pé òdì kejì ọ̀rọ̀ ni. Ọṣẹ rẹ ò tó, tàbí omi tutù jù, tàbí ò ń kó aṣọ kún inú ẹ̀rọ débi pé kò ráyè yí. Àwọn kan ti gbọ́ ọ níbì kan pé ọṣẹ ò dára fún ìlédìí, ni wọ́n bá ń fi ṣíbí kékeré wọ̀n ọ́n. Ìyẹn náà ń ba nǹkan jẹ́. Ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ rẹ, wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún aṣọ tó dọ̀tí gan-an, ìyẹn ni kí o lò, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú tàbí olómi ló dára jù. Ọṣẹ ọ̀pá, ìyẹn èyí tó le tí à ń gé, tètè ń lẹ̀ mọ́ òwú, pàápàá níbi tí omi bá ti le tí ọṣẹ kì í hó dáadáa sí i.

Ní ti ìdí ọmọ, máa pààrọ̀ ìlédìí ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra. Bó bá yàgbẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni. Fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ nù ún, tẹ aṣọ mọ́ ọn kó gbẹ, má ha á. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó wà níhòòhò lórí tówẹ́ẹ̀lì fún ìgbà díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé ó máa tọ̀ sílẹ̀, jẹ́ kó tọ̀. Ìpara onísíǹkì dára, ṣùgbọ́n tẹ́ aṣọ pẹlẹbẹ kan sórí ìlédìí kí o tó fi sí i lára, nítorí ìpara náà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, kì í sì í jẹ́ kó mu ìtọ̀. Bí pípọ́n náà bá wọnú ìṣẹ́po itan, tí àwọn àmì pupa kéékèèké sì yọ yí i ká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí tí kòkòrò olú (fungus) ń fà, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bó bá lé ròrò, bó bá ń ṣọyún, bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò rọlẹ̀, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá sì jẹ́ pé pámpáàsì ni o máa lò fún un títí ara á fi yá, lò ó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bẹ ọkọ rẹ kó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ pẹ̀lú ohùn líle. Má ṣe da bílíìṣì sórí ìlédìí tí ìtọ̀ wà lára rẹ̀. Amóníà àti bílíìṣì bá pàdé, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde, ó sì lè ba ènìyàn jẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró. Má pò ó mọ́ fínígà náà. Bí o bá tiẹ̀ máa lo bílíìṣì, aṣọ òwú funfun tí o ti ṣan dáadáa nìkan ni, kò sì gbọ́dọ̀ di àṣà, torí ó ń jẹ aṣọ àti rọ́bà ìlédìí.

*Ẹ ǹlẹ́ mà. Mi ò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀. Mo máa ń rẹ ìlédìí sínú korobá fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọ̀ ọ́, kó lè rọrùn. Ara aṣọ ti ń já báyìí. Ṣé aṣọ náà ni kò dáa? Abiyamọ ìbejì.*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ méjì. Ó ṣeé ṣe kí aṣọ yín dáa. Rírẹ yẹn ló ń jẹ ẹ́. Òwú tó bá sùn sínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta á rà, rọ́bà etí rẹ̀ á sì dẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti aṣọ lọ ni korobá omi nínú ilé tí ọmọ wà. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ korobá tó láti pa ọmọ tó ń rá tàbí tó ń kọ́ ìrìn, torí orí wọn wúwo, tí wọ́n bá dojú dé, wọn ò lè gbé e sókè. Ẹ ní ìbejì. Ojú yín ò lè wà lára àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ da omi yẹn nù lónìí.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é. Ìlédìí tó bá ní ìtọ̀ nìkan, kíá ni mo fi omi tútù ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo fún un, mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kò sí omi nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Bó bá ní ìgbẹ́, ó sinmi lórí ọjọ́ orí ọmọ. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọyàn nìkan máa ń yòrò sínú omi, kò fúnni ní wàhálà. Tó bá ti ń jẹ oúnjẹ líle, ẹ gbọn ìgbẹ́ náà sínú ilé ìgbẹ́, kí ẹ tó ṣan aṣọ. Omi tútù ni o! Omi gbígbóná tó bá kọ́kọ́ kan ìgbẹ́ á mú kí àbàwọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òwú.

Ní alẹ́, tàbí ó pẹ́ tán lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà ńlá. Omi tútù àkọ́kọ́ láìsí ọṣẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fún un, mo da omi nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi gbígbóná àti ọṣẹ. Ẹ má fọwọ́ ha gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ọwọ́ yín á bó, aṣọ á sì tètè já. Ohun tó ń fọ ìlédìí ni kí omi máa wọlé kó máa jáde nínú rẹ̀. Mo ní ohun roboto olówọ́ igi tí wọ́n fi ń ti ihò omi ìfọ̀ǹkan tó bá dí, tuntun, tí mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Mo máa ń fi gún aṣọ náà nínú bàsíà yẹn bí ẹni gún iyán, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án títí omi á fi mọ́ tí kò sì ní hó mọ́. Omi mẹ́ta ló máa ń gbà mí, nígbà míì mẹ́rin. Bí agbára bá máa tán lọ́wọ́ yín níbì kan, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ níbi ṣíṣan.

*Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìyá àgbà ni mí. Ọmọ mi bímọ, ó ra ìlédìí aṣọ alápò, oníbọ́tìnnì. Mo sè é lórí iná bí mo ṣe sè ti òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé, ni gbogbo rẹ̀ bá kákò, omi sì ń gba inú rẹ̀ jáde. Ó bínú sí mi. Àbí kò yẹ ká se aṣọ ìdí ọmọ mọ́ ni? Ìyá ìyá ọmọ.*

Mọ́mì, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ ò ṣe àṣìṣe, aṣọ ló yàtọ̀. Èyí tí ẹ lò fún ọmọ yín, òwú pátápátá ni, kò sí ohun tí omi híhó lè bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹ lè sè é, ẹ sì lè lọ̀ ọ́. Èyí tí ọmọ yín rà, wọ́n fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi má baà jáde, rọ́bà sì wà létí itan rẹ̀. Omi híhó máa ń bó ike náà kúrò lára aṣọ, ó sì ń mú rọ́bà dẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi ń jò. Àmọ́ aṣọ ìtẹ́nú tí à ń kì bọ inú àpò rẹ̀, bó bá jẹ́ òwú, ẹ lè fi omi gbígbóná yín fọ ìyẹn bó ṣe wù yín. Ẹ jẹ́ kí òun fọ ìta, kí ẹ̀yin mú inú, ìjà á parí.

Tó bá gbà kí ẹ kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń lo èyí tí à ń ṣẹ́ tí à ń fi píìnì mú, ẹ kọ́ ọ. Kò tíì sí èyí tó tètè ń gbẹ tó o, torí ìpele kan péré ni tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí okùn. Láti 1849 tí Walter Hunt ti gba ẹ̀tọ́ lórí píìnì oníbò ní Amẹ́ríkà ni àwọn ìyá ti ń fi mú ìlédìí, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi hàn án bí ọwọ́ ṣe ń wà: ìka méjì ti ọwọ́ òsì á wà láàárín aṣọ àti ikùn ọmọ, ẹnu píìnì á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kò ní dojú kọ ara, tó fi jẹ́ pé bó bá yọ̀, ìka ìyá ló máa gún. Kí ẹ sì fi ẹnu rẹ̀ gún ọṣẹ gbígbẹ kẹ́ ẹ tó lò ó, á máa yọ̀ wọlé nínú aṣọ. Fún ọmọkùnrin, kí ìṣẹ́po tó nípọn jù wà níwájú. Fún ọmọ tuntun tí ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já, kí ẹ ṣẹ́ etí òkè sísàlẹ̀ kó má baà kan ìwọ́.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje. A fẹ́ mọ iye tó yẹ ká rà, àti bóyá òótọ́ ni pé ó sàn fún ayé ju pámpáàsì lọ. Bàbá ọmọ tí à ń retí.*

Ẹ ó gbọ́ ohùn ìyá, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ. Inú mi dùn pé bàbá ló ń béèrè. Ọmọ tuntun lè lo ìlédìí mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, á dín sí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Tí ẹ bá ń fọ̀ ní ọjọ́ méjì méjì, 24 máa tó yín. Bó bá jẹ́ irú tí à ń ṣẹ́, ẹ ra pátá rọ́bà márùn-ún tàbí mẹ́fà kún un, torí ẹ lè tún un lò níwọ̀n ìgbà tí ìgbẹ́ ò bá kàn án. Ẹ má ra 24 irú kan náà kí ọmọ tó dé. Itan ọmọ kan tín-ín-rín, ti òmíràn kì, ohun tó bá ọmọ ẹlòmíràn mu lè máa jò lára tiyín. Ẹ kọ́kọ́ ra díẹ̀ díẹ̀ nínú irú méjì tàbí mẹ́ta.

Ní ti ayé, mi ò ní tàn yín. Ní 2008, Environment Agency, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ tó lo ìlédìí fún ọdún méjì ààbọ̀. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná tí ìlédìí rẹ̀ ń fà: pámpáàsì jẹ́ nǹkan bíi 550 kìlógíráàmù, aṣọ jẹ́ 570. Ẹ ò rí i pé wọn ò jìnnà síra. Ọ̀nà tí a gbà fọ̀ ọ́ ló ń mú ti aṣọ dín kù: kí ẹ̀rọ kún kí ẹ tó tàn án, kí ẹ sá aṣọ sórí okùn dípò kí ẹ fi iná gbẹ ẹ́, kí àbúrò sì lo èyí tí ẹ̀gbọ́n lò. Àkọ́bí mi àti èkejì rẹ̀ ló jọ lo aṣọ kan náà. Ti pàǹtí ni ojú ń rí kedere, torí aṣọ méjìlélógún ló kù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọmọ méjì, kò sí òkìtì kankan lẹ́yìn ilé. Bàbá ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ máa fọ̀ ọ́ o.

*Ìlédìí tuntun tí mo rà kì í mu omi rárá, ìtọ̀ ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀.*

Òwú tuntun ṣì ní ọ̀rá àdánidá tirẹ̀ lára. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà nínú omi gbígbóná, kí o máa jẹ́ kó gbẹ láàárín, á máa mu ún. Fún òru, fi ìtẹ́nú kan kún un.

*Ìlédìí aṣọ kì í jẹ́ kí ara ọmọ gbẹ bíi pámpáàsì. Ṣé kò burú?*

Bí o bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, kò burú. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Láti bí ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń rí ọyàn mu dáadáa máa ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín òru àti ọ̀sán kan. Nígbà tí ọmọ mi kẹta ń sùn jù, tí mo sì ń ṣiyèméjì bóyá ó ń yó, ìlédìí tútù ni mo ń kà. Mo ka mẹ́rin lọ́jọ́ kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá wa tún bó ṣe ń gba ọyàn sẹ́nu ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, mo ka mẹ́jọ.

*Mo fọ̀ ọ́ mọ́, kò rùn, kò hó nínú abọ́, ṣùgbọ́n àbàwọ́n ìgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ojú ń tì mí láti sá a síta.*

Àbàwọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìlédìí rẹ mọ́. Bó bá ṣì ń dà ọ́ láàmú, rẹ ojú ibẹ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sá a nígbà tó ṣì tutù, kí àbàwọ́n náà kọjú sókè sí oòrùn. Fi ọwọ́ wọ́n omi sí i bó bá ti ń gbẹ. Ti ọmọ tó ń mu ọyàn, àwọ̀ ìyeyè yẹn máa ń ṣí kúrò lójú rẹ láàárín ọ̀sán kan. Èyí tó bá ní rọ́bà, tètè ká a wọlé.